Ìgbín inú omi: ẹ sọ ohun tójú yín rí

Ọmọ Ọyán: Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀. Abúlé kan létí dáàmù Ọyán ni mo dàgbà sí, 1983 ni wọ́n ṣí dáàmù yẹn, àtìgbà tómi ti dúró sójú kan làwọn ìgbín kéékèèké kan ti kún etí odò, wọn ò ju èékánná lọ, ẹ ṣáà yí ewé òṣíbàtà padà, ẹ máa bá wọn níbẹ̀. Bọ́mọkùnrin bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, àwọn àgbà á ní ó ti ń bàlágà nìyẹn, àfìgbà táwọn elétò ìlera gbé ọ̀pá gígùn kan tí wọ́n fàlà sí dé, bó o bá ṣe ga tó lára ọ̀pá yẹn ni wọ́n ṣe máa ka hóró praziquantel fún ẹ. Oògùn yẹn tóbi, ó tún wá korò!

Bọ̀dá Láàbù: Àtọ̀sí ajá nìyẹn. Bulinus ni ìgbín yẹn ń jẹ́, mo sìn wọ́n nígbà tí mò ń ṣe project ní yunifásítì, ewé lẹ́túùsì gbígbẹ ni wọ́n ń jẹ. Ẹ gbé e kí ṣóńṣó ẹ̀ wà lókè, kẹ́nu ẹ̀ kọjú sí yín, ọwọ́ òsì lẹnu yẹn máa wà. Inú omi ló ń gbé o, àmọ́ á máa gòkè wá gba atẹ́gùn. Èyí tó kó àrùn yẹn lára nínú wọn, tí mo bá gbé e sínú ife omi lábẹ́ gílóòbù, kò ní pẹ́ tí kòkòrò àtọ̀sí ajá á fi máa tú jáde lára ẹ̀, wọn ò fẹ́ràn òkùnkùn, ìrù wọn là sí méjì lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ọ̀sán gangan ni wọ́n ń pọ̀ jù lódò, ìgbà táwọn ọmọdé ń lúwẹ̀ẹ́ gan-an, awọ ara ni wọ́n sì ń gbà wọlé. Ìgbín ò bu ẹnikẹ́ni jẹ jàre, ìtọ̀ àwa èèyàn ló gbé ẹyin kòkòrò yẹn sódò, àwa la kó o ràn án.

Ìyá Eléja: Ẹ má bá mi lé oníbàárà o! Ìṣáwùrú tí mò ń tà ní ìdérí lẹ́nu, ẹ fọwọ́ kàn án, á pa á dé. Ṣé èyí tẹ́ ẹ̀ ń wí náà ní?

Bọ̀dá Láàbù: Rárá mà, kò ní. Síbẹ̀ tómi bá gbẹ, á wọnú ẹrẹ̀ lọ, á máa retí òjò.

Tọ́lá Peckham: Èmi ra koríko omi fún táǹkì ẹja mi, ìgbín ramshorn kan ṣoṣo ló bá a wá, mo ní kò kúkú ní akọ, ẹ wá wo ẹyin nínú nǹkan bíi jẹ́lì lára gíláàsì!

Bọ̀dá Láàbù: Akọ àtabo ni òun nìkan. Bí Bulinus náà ṣe rí nìyẹn, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá da oògùn sódò pa wọ́n, tó bá ṣẹ́ ku díẹ̀, wọ́n á tún kún.

Ọmọ Ọyán: Àwọn ìyá wa tó ń fọṣọ níbẹ̀ ńkọ́?

Bọ̀dá Láàbù: Kí wọ́n pọnmi sílé, kó wà nínú dúrọ́ọ̀mù fún ọjọ́ méjì, kòkòrò yẹn á ti kú. Àmọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ yọ ìgbín tó bá bómi wá dànù o.