Ogun ni àbí ọ̀dá owó ló tún ayé òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà ṣe?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Mo ń ka ìtàn àwùjọ Amẹ́ríkà láti nǹkan bí ọdún 1900 títí dé 1945, ọ̀rọ̀ kan sì ń rú mi lójú. Ìwé tí mo ń kà pín àwọn ọdún náà sí mẹ́ta bí ẹni pín ilẹ̀ bàbá fún ọmọ mẹ́ta: ìgbà àtúntò (tí wọ́n ń fi òfin tún ìgbé ayé òṣìṣẹ́ àti aráàlú ṣe), ìgbà ogun, ìgbà ọ̀dá owó. Gẹ́gẹ́ bí àlàyé rẹ̀, ogun tí Ààrẹ Woodrow Wilson kó orílẹ̀-èdè náà wọ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1917 ló pa àtúntò, ọ̀dá owó tó bẹ̀rẹ̀ ní 1929 ló sì jí i dìde. Ṣùgbọ́n mo rí i pé àwọn obìnrin gba ẹ̀tọ́ ìdìbò ní 1920, nígbà tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, mo sì tún rí i pé àìríṣẹ́ṣe tí Ààrẹ Franklin Roosevelt ń bá jà láti 1933 kò kásẹ̀ nílẹ̀ àfi ìgbà tí ogun kejì dé. Bí ogun bá ń pa àtúntò, báwo ló ṣe tún ń bí i? Kí ló so àwọn ìgbà wọ̀nyí pọ̀? Ẹ jọ̀wọ́, inú mi yóò dùn bí ẹ bá lè fi ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ènìyàn dá mi lóhùn, kó má jẹ́ orúkọ òfin nìkan.

Olùkọ́ Àgbà fèsì pé:

O kú ìbéèrè. Ìwé rẹ kò parọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe gé àwọn ọdún náà sí wẹ́wẹ́ kò jẹ́ kí o rí àwọn ènìyàn tó rin ìrìn náà já. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sán Sátidé kan, ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 1911, ní ìlú New York. Iná sọ ní àjà kẹjọ ilé alájà mẹ́wàá kan, níbi tí ilé iṣẹ́ aránṣọ Triangle ti ń rán bùláòsì obìnrin. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni ọ̀pọ̀ àwọn tó jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ọmọ Júù àti ọmọ Ítálì tí wọn kò tíì pẹ́ nílẹ̀ náà, ó sì kù díẹ̀ kí wọ́n ṣíwọ́. Ní àjà kẹsàn-án, ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn tó já sí àtẹ̀gùn wà ní títì pa, nítorí àwọn tó ni ilé iṣẹ́ fẹ́ kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa gba ojú kan ṣoṣo jáde, kí wọ́n lè yẹ àpò wọn wò bóyá wọ́n jí aṣọ. Àtẹ̀gùn irin tó wà lẹ́yìn ilé wó mọ́ àwọn tó ń sá lẹ́sẹ̀. Àkàbà àwọn panápaná kò gùn dé àjà tí iná wà. Ọ̀pọ̀ fò láti ojú fèrèsé sí ojú títì, àwọn mìíràn sì di ara wọn lọ́wọ́ mú kí wọ́n tó fò. Ènìyàn 146 ló kú.

Obìnrin kan ń mu tíì nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìtòsí ibẹ̀. Ó gbọ́ ariwo, ó sáré jáde, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí bí wọ́n ṣe ń já bọ́. Frances Perkins ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ìpínlẹ̀ New York gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti ṣèwádìí àwọn ilé iṣẹ́, tí aṣòfin Robert Wagner sì jẹ́ alága rẹ̀, Perkins wà lára àwọn tó ń mú wọn káàkiri. Ní ilé iṣẹ́ kan, wọ́n ní kí Wagner fúnra rẹ̀ rá kọjá nínú ihò kékeré kan lára ògiri, èyí tí wọ́n kọ sí i lára pé ọ̀nà àbájáde iná ni. Àkàbà tí yìnyín bò ni ihò náà já sí, àkàbà náà kò sì kanlẹ̀. Ẹni tó bá ti rá gba irú ihò bẹ́ẹ̀ kò tún nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé ìdí tí òfin fi ṣe pàtàkì fún un.

Wàá rí ìdí tí mo fi ń sọ èyí. Ọdún 22 lẹ́yìn iná yẹn, nígbà tí báǹkì ẹgbẹẹgbẹ̀rún ti kógbá wọlé tí nǹkan bí ẹnì kan nínú òṣìṣẹ́ mẹ́rin kò sì ríṣẹ́ ṣe, Roosevelt fi Perkins ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, obìnrin àkọ́kọ́ tó wọ ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ náà. Òun ló ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ṣètò òfin owó arúgbó àti owó àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, èyí tí Roosevelt buwọ́ lù ní oṣù kẹjọ ọdún 1935. Ní oṣù tó ṣáájú rẹ̀ ni òfin tó fún òṣìṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ jáde, orúkọ Wagner, tó ti di sẹ́nétọ̀, ni wọ́n sì fi ń pè é. Ọ̀dá owó ṣí ilẹ̀kùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó wọlé ti ń kan ilẹ̀kùn náà láti 1911.

Ní ti ogun àkọ́kọ́, ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni pé kò pa àtúntò, ńṣe ló yá a lò. Nítorí pé ìjọba kò fẹ́ kí iṣẹ́ dúró ní ilé iṣẹ́ ohun ìjà, ó dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní 1918 tó gbè sẹ́yìn iṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́ àti ẹ̀tọ́ láti wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ogun parí ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, wọ́n sì tú ìgbìmọ̀ náà ká ní 1919. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án, àwọn òṣìṣẹ́ irin bí 350,000, tí púpọ̀ nínú wọn ń ṣiṣẹ́ wákàtí méjìlá lóòjọ́, yan iṣẹ́ lódì, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́wọ́ òfo ní oṣù kìíní ọdún 1920.

Ìdìbò àwọn obìnrin náà kò yàtọ̀ púpọ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 1917 ni wọ́n ti ń dúró pẹ̀lú àkọlé lẹ́nu ọ̀nà ilé Ààrẹ, wọ́n kó wọn sẹ́wọ̀n, àwọn kan sì kọ oúnjẹ nínú ẹ̀wọ̀n. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, Wilson fúnra rẹ̀ lọ sọ fún Ilé Aṣòfin Àgbà pé ogun kò ní ṣeé jà dáadáa láìjẹ́ pé wọ́n fún àwọn obìnrin ní ìbò. Ilé náà kọ̀ ní ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ohun tí wọ́n lè fi rẹ́rìn-ín.

Àrẹ̀mú fèsì pé:

Ẹ kú àlàyé, Olùkọ́ wa. Mo fara mọ́ ohun tí ẹ sọ nípa Perkins àti Wagner, àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n ta kò yín díẹ̀ lórí ogun. Ohun tí ogun fi sílẹ̀ kọjá ìgbìmọ̀ tí wọ́n tú ká. Ó fi gbèsè sílẹ̀, inú ọ̀dá owó sì ni àwọn tí wọ́n jẹ ní gbèsè ti wá béèrè owó wọn.

Ní 1924, Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ṣe òfin pé kí wọ́n san àjẹmọ́nú fún àwọn tó jagun: dọ́là kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹnì kan lò nílé, dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 25 fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó lò lókè òkun. Ìwé ni wọ́n fún ọ̀pọ̀ nínú wọn dípò owó, ọdún 1945 ni wọ́n sì máa tó san án tán. Nígbà tó di 1932 tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, ìwé yẹn nìkan ni ohun ìní tó kù fún ẹlòmíràn. Àwùjọ kan gbéra láti Portland ní ìpínlẹ̀ Oregon, wọ́n ń wọ ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù láti ìlú dé ìlú, àwọn mìíràn sì ń dara pọ̀ mọ́ wọn. Wọ́n tó nǹkan bí 20,000 tí wọ́n fi pé jọ sí Washington, tìyàwó tọmọ, wọ́n sì fi pákó, páànù àti àpótí tí wọ́n ṣà ní ààtàn pa àgọ́ sí etí odò Anacostia. Aláwọ̀ funfun àti aláwọ̀ dúdú jọ gbé inú àgọ́ náà, bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n wà nínú ogun, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n kó wọn sí.

Ilé Aṣojú-ṣòfin gbà kí wọ́n san owó náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà, Ilé Aṣòfin Àgbà kọ̀. Àwọn kan padà sílé, ọ̀pọ̀ kò sì níbi tí wọ́n máa padà sí. Ní ọjọ́ 28 oṣù keje, Ọ̀gágun Douglas MacArthur kó àwọn ẹlẹ́ṣin, ọkọ̀ ogun àti ọmọ ogun tó gbé ìbọn pẹ̀lú ọ̀bẹ lẹ́nu rẹ̀ jáde, wọ́n da tajútajú sáàárín àwọn ènìyàn, àgọ́ etí odò sì jóná dé ilẹ̀. Èmi kò mọ àwòrán mìíràn tó fi ìgbà ogun àti ìgbà ọ̀dá owó hàn pọ̀ bẹ́ẹ̀: ọmọ ogun tó wọ aṣọ ìjọba ń lé ọmọ ogun tí aṣọ tirẹ̀ ti gbó. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù kọkànlá, ni Ààrẹ Herbert Hoover fìdí rẹmi nínú ìdìbò.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé Roosevelt ló san án. Òun náà kọ̀ láti buwọ́ lù ú, àfi ìgbà tí Ìgbìmọ̀ Aṣòfin borí rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1936. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà wọ̀ wọ́n létí. Ní oṣù kẹfà ọdún 1944, kí ogun kejì tó parí rárá, òfin ti jáde tó fún àwọn ọmọ ogun ní owó ilé ìwé, ìdúró fún owó tí wọ́n bá yá kọ́lé, àti 20 dọ́là lọ́sẹ̀ fún ọdún kan fún ẹni tí kò bá ríṣẹ́. Ẹ̀rù Anacostia wà nídìí òfin yẹn bí ìmoore ṣe wà níbẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ fèsì pé:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun. Ohun kan ni mo fẹ́ fi kún un, nítorí bí ẹ ṣe ń sọ ọ́, ó dà bíi pé gbogbo ilé ni wọ́n gbé oúnjẹ náà dé. Òfin owó arúgbó ti 1935 tí Olùkọ́ ń yìn yẹn yọ àwọn òṣìṣẹ́ oko àti àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ méjì yìí gan-an sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn aláwọ̀ dúdú ń ṣe ní gúúsù ilẹ̀ náà. Obìnrin tó ń fọ aṣọ tó sì ń tọ́ ọmọ nílé ẹlòmíràn láti òwúrọ̀ di alẹ́ kò sí lára òṣìṣẹ́ lójú òfin yẹn.

Ogun kejì ló mú díẹ̀ nínú èyí yí padà, kì í sì í ṣe nípa ojú àánú. Ní 1941, nígbà tí ilé iṣẹ́ ohun ìjà ń wá òṣìṣẹ́ lójú méjèèjì ṣùgbọ́n tí wọ́n ń dá aláwọ̀ dúdú padà lẹ́nu ọ̀nà, A. Philip Randolph, olórí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin oníbùsùn, sọ pé òun yóò kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn rìn wọ Washington ní ọjọ́ kìíní oṣù keje. Roosevelt bẹ̀ ẹ́ títí. Randolph kò gbà. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà, Ààrẹ fi àṣẹ ka ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ léèwọ̀ nínú iṣẹ́ ohun ìjà, wọ́n sì wá fagi lé ìrìn náà.

Ọwọ́ kan náà tó buwọ́ lu àṣẹ yẹn ló buwọ́ lu òmíràn ní ọjọ́ 19 oṣù kejì ọdún 1942, èyí tí wọ́n fi kó nǹkan bí 120,000 ènìyàn tó jẹ́ ìran Japan kúrò ní etíkun ìwọ̀-oòrùn lọ sí àgọ́ oníwáyà. Ọmọ bíbí Amẹ́ríkà ni ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn. Ohun tí ọwọ́ wọn bá lè gbé nìkan ni wọ́n lè mú dání, torí náà ọ̀pọ̀ ta ṣọ́ọ̀bù, ọkọ̀ àti irúgbìn inú oko ní owó pọ́ọ́kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí a bá ń bi ara wa pé ogun ń bí àtúntò, ó yẹ ká máa béèrè pé fún ta ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn tún béèrè pé:

Ẹ ṣé gan-an ni, mo ti ń rí ọ̀nà. Ẹ jọ̀wọ́, ìbéèrè kan ló kù: mo rí i pé wọ́n ti ṣòfin lórí iṣẹ́ ọmọdé ní 1916, ṣùgbọ́n wọ́n tún ṣe é ní 1938. Kí ló dé tí wọ́n fi ṣe ohun kan lẹ́ẹ̀mejì?

Olùkọ́ Àgbà fèsì pé:

Ilé ẹjọ́ ni. Òfin 1916 kà á léèwọ̀ láti kó ọjà tí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 ṣe ní ilé iṣẹ́ láti ìpínlẹ̀ kan lọ sí òmíràn. Bàbá kan ní Charlotte, ní ìpínlẹ̀ North Carolina, tí òun àti ọmọkùnrin rẹ̀ méjì jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ òwú, gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́ pé owó tí àwọn ọmọ òun ń rí jẹ́ ẹ̀tọ́ òun, àwọn tó ni ilé iṣẹ́ sì wà lẹ́yìn rẹ̀ gbágbágbá. Ní 1918, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá a láre, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin. Òfin 1938, tó tún fi sẹ́ǹtì 25 ní wákàtí kan ṣe owó iṣẹ́ tó kéré jù, ló dá ìkálọ́wọ́kò náà padà, ilé ẹjọ́ kan náà sì fọwọ́ sí i ní 1941 láìsí adájọ́ kan tó yapa.

Ní 1923, oníròyìn kan wá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, Reuben Dagenhart, lọ, ó sì bi í pé kí ni èrè tó jẹ nínú ẹjọ́ tí wọ́n bá a jà tí wọ́n sì borí. Ó ti di géńdé nígbà náà, ó ti láya, ó ti bímọ, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ, kò sì kàwé. Ó ronú díẹ̀, ó ní wọ́n fi mọ́tò gbé òun kiri nígbà tí ẹjọ́ náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ra Coca-Cola kan fún òun.