Hómù tíátà mi ò sọ̀rọ̀ sókè, sùbúfà rẹ̀ ń kùn ṣáá: ẹ bá mi dá sí i

Ọmọ Bàsírì, Adó-Èkìtì

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá mọ̀ nípa ẹ̀rọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kà á kọjá lọ, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nílé mi.

Oṣù tó kọjá ni mo ra hómù tíátà tòkunbọ̀ kan. Sípíkà márùn-ún ló ní, pẹ̀lú sùbúfà ńlá kan, àpótí tó ń gbé ohùn ìlù tó wọlẹ̀ jáde, tó ní pílọ́ọ̀gì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó tà á fún mi gbé e wá sílé, ó tò ó, ó fi orin fújì dán an wò, ilé mì tìtì. Mo sanwó, ó lọ. Ọ̀sẹ̀ kan ò tíì pé tí wàhálà fi dé.

Àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ò jáde. Orin inú fíìmù ń dún, ìbọn ń dún, mọ́tò ń dún, ṣùgbọ́n bí àwọn èèyàn inú rẹ̀ bá ti la ẹnu, àfi bí ẹni pé inú kànga ni wọ́n wà. Mo ní láti yí i dé 45 nínú 60 kí n tó gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Bí ìbọn bá wá dún ní àkókò yẹn, gbogbo wa la máa ń fò sókè.

Èkejì, sùbúfà ń kùn. Hùùùùù. Bí mo bá pa fíìmù, tí ohunkóhun ò dún, ó ń kùn bí ilé oyin. Ẹ̀kẹta, bí ìlù bá ti dún wọlẹ̀, nǹkan kan á máa ró gbàrà-gbàrà nínú àpótí sùbúfà náà, bí ẹni ń mi ṣẹ́kẹ́rẹ́.

Bàbá mi wá láti Ọ̀mùò, wọ́n ti lo bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ní kòkòrò ti wọ inú ilé mi. Inú wọn ò kúkú dùn tẹ́lẹ̀, nítorí ọmọ ayò wọn tó yẹ kó jẹ́ 48 ti di 45, wọ́n sì ti fẹ̀sùn kan aládùúgbò tó ń bá wọn ta á. Ìyàwó mi ní kí n gbé ẹrù padà fún ẹni tó tà á. Ẹni náà ò gbé fóònù mọ́, mi ò sì ní dárúkọ rẹ̀ níbí.

Bí wọ́n ṣe tò ó nìyí: wáyà kan jáde láti ihò tí wọ́n ń ki earphone sí lára tẹlifíṣọ̀n, ó wọ inú hómù tíátà. Dekóda díìṣì náà wà lára tẹlifíṣọ̀n. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì, Ìkéré

Ẹ tà á, kí ẹ fowó rẹ̀ ra iṣu. Rédíò oníbátìrì tèmi ò kùn rí.

Ọmọ Ifàkì

Ṣé ẹ ní sitabiláísà? Ládùúgbò tiwa, iná tó yẹ kó jẹ́ fóòtì 230 lè má ju 150 lọ ní ìrọ̀lẹ́. Bí iná bá ti rẹlẹ̀ báyẹn, ẹ̀rọ á máa ṣe bí ẹni tébi ń pa. Ẹ fi jẹnẹrétọ̀ dán an wò ná.

Ọmọ Bàsírì

Mo ti dán an wò, ẹ̀gbọ́n. Bó ṣe ń kùn lórí iná ìjọba náà ló ṣe ń kùn lórí jẹnẹrétọ̀.

Oníṣẹ́ Rédíò, Ìjerò

Àbúrò, o kú ìnáwó. Ohun tó ń dà ọ́ láàmú ni pé o rò pé àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é. O ti dé Ìkògòsì rí, àbí? Omi gbígbóná àti omi tútù pàdé níbẹ̀, wọ́n jọ ń ṣàn lọ, ṣùgbọ́n ojú ibi tí kálukú ti ń sun yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni tìrẹ rí. Ọ̀rọ̀ tí kò jáde ní orísun tirẹ̀, kíkùn ní tirẹ̀, gbàrà-gbàrà yẹn náà ní tirẹ̀. Má tíì tú nǹkan kan o. Kapásítọ̀ inú rẹ̀ lè di iná mọ́ra síbẹ̀ lẹ́yìn tí o ti yọ pílọ́ọ̀gì, ó sì lè gbé èèyàn.

Jẹ́ ká mú kíkùn yẹn ṣáájú. Pa gbogbo rẹ̀. Yọ wáyà tó so sùbúfà mọ́ ẹ̀rọ ńlá, kí sùbúfà nìkan wà lójú iná, kí o wá tàn án. Bó bá ṣì ń kùn, inú ara rẹ̀ ni àrùn wà. Kapásítọ̀ tó ti gbó ló sábà máa ń fa irú ẹ̀ nínú tòkunbọ̀. Bó bá dákẹ́, a jẹ́ pé ìta ni ariwo ti ń wọlé bá a. Dá wáyà yẹn padà, kí o wá máa yọ ìyókù lọ́kọ̀ọ̀kan: tẹlifíṣọ̀n, dekóda, wáyà díìṣì. Èyí tí o bá yọ tí ilé pa rọ́rọ́, òun ni. Má yọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà o, o ò ní mọ èyí tó jẹ̀bi nínú wọn.

Kí o tó lọ, mélòó ni fólúùmù tẹlifíṣọ̀n rẹ wà?

Ọmọ Bàsírì

12 ni, ẹ̀gbọ́n, nínú 100. Ẹni tó tà á ló ní kí n fi tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ jẹ́jẹ́, kí n máa fi rìmóòtù hómù tíátà ṣe ohun gbogbo.

Oníṣẹ́ Rédíò, Ìjerò

Áà! Ó ṣì ọ́ lọ́nà. Ihò earphone yẹn, bí o bá ṣe yí tẹlifíṣọ̀n sókè tó ni agbára tó ń gbabẹ̀ jáde ṣe máa ń pọ̀ tó. Ní 12, ohùn tín-ín-rín ló ń dé ọ̀dọ̀ hómù tíátà. Ìwọ wá ń fi gbogbo agbára fa ohùn tín-ín-rín yẹn gòkè, ariwo tó ti wà lójú wáyà sì ń bá a gòkè. Gbé tẹlifíṣọ̀n dé 70 tàbí 80, kí o rẹ hómù tíátà wálẹ̀. Bí ohùn bá ti ń há, dín tẹlifíṣọ̀n kù díẹ̀.

Ọmọkùnrin Ìkọ̀lé

Ọ̀rọ̀ kíkùn yẹn ò tó nǹkan. Ṣé ẹsẹ̀ mẹ́ta ni pílọ́ọ̀gì sùbúfà yẹn ní? Ẹ ṣẹ́ èyí tó gùn jù, tó dá wà lókè. Èmi ṣẹ́ tèmi, ó dákẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ọkùnrin Máíìkì, Ìlawẹ̀

Ẹ dákun, ẹ má gbọ́ tirẹ̀! Èmi ni mò ń bójú tó ẹ̀rọ ohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo sì mọ ohun tí mo rí. Ẹsẹ̀ yẹn ló ń kó iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Bí wáyà kan bá já nínú ẹ̀rọ tó fara kan irin ara rẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn ló máa jẹ́ kí fíúsì jó, kí iná kú. Bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ, ara ẹ̀rọ náà á di iná, ẹ ò sì ní mọ̀. Lóòótọ́, ó dákẹ́. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ tí wáyà bá já náà lè dákẹ́.

Àti ìdí tó fi jẹ́ sùbúfà nìkan ló ń kùn: iná tiwa ń lọ, ó ń bọ̀, nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohùn tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn, tàbí ìlọ́po méjì rẹ̀. Ó ti wọlẹ̀ jù fún sípíkà kékeré, àmọ́ iṣẹ́ sùbúfà gan-an nìyẹn. Ohun tí à ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì ni pé gbogbo ohun tó bá ti fi wáyà bára tan, ojú iná kan náà la máa ń kì wọ́n sí.

Ọmọkùnrin Ìkọ̀lé

Mo gbọ́, sà. Màá ra pílọ́ọ̀gì mìíràn lọ́la.

Ará Ẹ̀fọ̀n

Ẹ wo ẹ̀yìn sùbúfà náà, kọ́rọ́bọ́tọ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń yí agbára rẹ̀. Àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ máa ń yí i dópin kí ilé lè mì lójú oníbàárà. Ẹ dá a padà sí agbedeméjì. Bó bá jẹ́ igun ilé lẹ gbé e sí, ẹ fà á kúrò níbẹ̀, igun máa ń fi kún ohùn ilẹ̀ títí yóò fi bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

Ọmọ Bàsírì

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ti dé pẹ̀lú ìròyìn.

Sùbúfà nìkan lójú iná: kẹ́kẹ́ pa. Mo dá wáyà rẹ̀ padà, kò kùn. Mo ki tẹlifíṣọ̀n bọ̀ ọ́, kò kùn. Mo so dekóda mọ́ ọn, kò tíì kùn. Bí mo ṣe yí wáyà díìṣì mọ́ ẹ̀yìn dekóda báyìí, kò tiẹ̀ tíì lẹ̀ tán, irin rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kan irin ni, hùùùùù! Mo yọ ọ́, ó dákẹ́. Mo tún fi kàn án, ó tún ké. Bàbá mi dìde lórí àga, wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn náà fi kàn án.

Kọ́rọ́bọ́tọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti dópin lóòótọ́, ará Ẹ̀fọ̀n. Mo ti dá a padà. Tẹlifíṣọ̀n ti wà ní 75, kíkùn ti lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú fíìmù ò tíì jáde bó ṣe yẹ.

Oníṣẹ́ Rédíò, Ìjerò

O káre. Díìṣì rẹ wà lórí òpó irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, àbí? Òpó yẹn ti kan ilẹ̀, pílọ́ọ̀gì sùbúfà náà sì ti gba ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀ kan ilẹ̀. Ojú ọ̀nà sí ilẹ̀ ti di méjì, ọ̀kan ò sì rí bí èkejì ṣe rí. Iná kékeré á wá máa yí po láàárín méjèèjì, á gba ara wáyà ohùn rẹ kọjá. Kíkùn nìyẹn.

Wo ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀yìn hómù tíátà, bóyá wàá rí ihò onígun mẹ́rin kékeré kan tí wọ́n kọ “Optical” sí. Bó bá wà lára méjèèjì, ra wáyà rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú rẹ̀ kọjá, kì í ṣe iná, nítorí náà kò sí ibi tí kíkùn á gbà. Tí o bá ti so ó, lọ sínú mẹ́nù tẹlifíṣọ̀n, fi ohùn sí irú èyí tí wọ́n kọ PCM sí, torí tòkunbọ̀ mìíràn ò lè ka irú tó kù. Wàá bọ́ lọ́wọ́ wàhálà 12 àti 75 pẹ̀lú.

Ó ku ọ̀rọ̀ tí kò jáde. Kí ni ojú ẹ̀rọ náà kọ nígbà tó ń ṣiṣẹ́?

Ọmọ Bàsírì

“PLII Movie” ni, ẹ̀gbọ́n.

Oníṣẹ́ Rédíò, Ìjerò

Mo fura bẹ́ẹ̀. Pro Logic nìyẹn. Ó máa ń ṣa ọ̀rọ̀ ẹnu jáde nínú ohùn, á kó o lọ sọ́dọ̀ sípíkà àárín, èyí tó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Bí sípíkà yẹn bá ti kú, ọ̀rọ̀ ò níbi tí yóò gbà mọ́ nìyẹn, orin àti ìbọn á sì máa bá tiwọn lọ. Tẹ “Test” lórí rìmóòtù. Ohùn kan bí òjò á máa lọ láti sípíkà kan sí èkejì. Etí rẹ ni kí o fi sí i.

Ọmọ Bàsírì

Apá òsì: ṣàààà. Àárín: kò sí nǹkan kan. Apá ọ̀tún: ṣàààà. Ẹ̀yìn méjèèjì: ṣàààà.

Mo fa sípíkà àárín síta. Wáyà pupa ti yọ kúrò lẹ́nu ibi tó dì í mú, òwú bàbà rẹ̀ tú bí irun tí wọn ò dì. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń gbá tí wọ́n bá ń gbálẹ̀. Ìyàwó mi ní òun kọ́. Mo ní mi ò bi yín.

Oníṣẹ́ Rédíò, Ìjerò

Má bi wọ́n! Pa iná ẹ̀rọ, lọ́ òwú yẹn pọ̀ kó le, pupa sí pupa, dúdú sí dúdú. Má jẹ́ kí òwú kan ṣoṣo nínú pupa fara kan dúdú, ó lè jó ẹ̀rọ ńlá.

Ọmọ Bàsírì

Ẹ̀gbọ́n, ó ti jáde! Fólúùmù ò ju 22 lọ, bàbá sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń jẹ iyán. Ẹ ò ní ṣaláìsàn o. Ọ̀la ni màá lọ wá wáyà optical, ihò rẹ̀ wà lára méjèèjì. Ó wá ku gbàrà-gbàrà yẹn nìkan.

Ọmọ Ifàkì

Ó lè jẹ́ pé bébà sípíkà rẹ̀ ti ya létí. Ẹ fi iná fóònù wò ó.

Ọmọ Bàsírì

Mo ti wò ó, kò ya.

Ìyá Ìbejì, Ìkéré

Bàbá ọmọ, mo fẹ́ bèèrè nǹkan. Ṣé sùbúfà yẹn ní ihò róbótó kan níwájú, tí ọwọ́ ọmọdé lè wọ̀? Ẹ sì ní ọmọ ayò Bàbá dín mélòó?

Ọmọ Bàsírì

Mẹ́ta.

Ẹ dúró ná.

Ọmọ Bàsírì

Mo yọ ọ́ lójú iná, mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo gbọ̀n ọ́n. Ọmọ ayò kan jáde. Mo tún gbọ̀n ọ́n, òmíràn jáde pẹ̀lú ìdérí bírò. Ẹ̀kẹta há síbi kan, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó bọ́ sílẹ̀. Àbíkẹ́yìn mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun ń fún “bàbá tó wà nínú àpótí” lóúnjẹ ni.

Bàbá kà á lẹ́ẹ̀mejì, 48 pé. Wọ́n ti wọ bàtà, wọ́n gbé ọpọ́n ayò sábẹ́ apá, wọ́n ń lọ bẹ aládùúgbò yẹn.

Ìyá Ìbejì, Ìkéré

Ẹ tún bá mi yẹ ihò DVD wò. Ṣíbí mi kan wà nínú tèmi láti Kérésì.