Kí la lè sọ ní Faransé lẹ́yìn "Bonjour"?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Mo ń kọ́ Faransé lọ́wọ́. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń kíni, mo sì mọ òǹkà, àmọ́ tá a bá ti kíra tán, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu mi. Kí ni kí n máa sọ tẹ̀ lé e?

Bàbá Àlàbá: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìsapá. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ràn gan-an ni kẹ́ ẹ máa sọ. Ẹ mú ẹyọ kan, ì báà ṣe orin tàbí bọ́ọ̀lù, kẹ́ ẹ kọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tó rọ̀ mọ́ ọn. "J'aime bien" ni tohun tó wù yín níwọ̀nba, "j'adore" ni tèyí tẹ́ ẹ fẹ́ràn dénúdénú, "je déteste" ni tèyí tẹ́ ò fẹ́ fojú rí. Ẹ wá fi "parce que" sọ ìdí rẹ̀: "J'adore le foot parce que je joue avec mes amis" (mo fẹ́ràn bọ́ọ̀lù gan-an torí èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi la jọ ń gbá a). Ọ̀rọ̀ ti ń gùn nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ le, la, les tó máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀ orúkọ kúrò o. "J'aime la musique" ni wọ́n ń sọ. Bẹ́ ẹ bá ní ẹ ò fẹ́ràn rẹ̀, la yẹn ò kúrò níbẹ̀: "je n'aime pas la musique". Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi de sí i torí wọ́n ti kọ́ "je n'ai pas de" (mi ò ní).

Àǹtí Àbíkẹ́: Mon àti ma, ìyẹn "tèmi" fún ọ̀rọ̀ tí Faransé kà sí ti ọkùnrin àti ti obìnrin, ló ń dà mí láàmú.

Bàbá Àlàbá: Ẹ má kọ́ "chanson" (orin) lásán, "ma chanson préférée" ni kẹ́ ẹ kọ́ papọ̀. "Mon film préféré" náà bẹ́ẹ̀. Ẹ má da ara yín láàmú lórí préféré àti préférée, bákan náà ni wọ́n ń dún. Équipe (ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tàbí eléré) ni kẹ́ ẹ ṣọ́: ti obìnrin ni, síbẹ̀ "mon équipe préférée" ni wọ́n ń pè é, torí fáwẹ́lì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ìyá Àánú: Ẹ jẹ́ kí n fi kún un. Ẹ má dá sọ̀rọ̀! Tẹ́ ẹ bá sọ tiyín tán, ẹ bi onítọ̀hún, "Et vous ?" Bá a ṣe ń lo "ẹ" fún àgbà àti ẹni tá ò mọ̀ ni vous rí, ẹ dúró kó fúnra rẹ̀ sọ pé "on peut se tutoyer" (a lè máa pe ara wa ní tu) kẹ́ ẹ tó bọ́ sí tu, tó dà bí "ìwọ". Tó bá ní "J'adore le jazz", tó sì rí bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀yin náà, ẹ ní "Moi aussi". Àmọ́ tó bá ní "Je n'aime pas le jazz", tí ẹ̀yin náà ò fẹ́ràn rẹ̀, "Moi non plus" ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn rẹ̀ ńkọ́? "Moi si."

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe DELF A1, ìyẹn ìdánwò èdè Faransé fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, irú ọ̀rọ̀ báyìí ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ apá ọ̀rọ̀ ẹnu. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fún yín ní káàdì tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí, ẹ̀yin lẹ ó máa béèrè ìbéèrè. Tẹ́ ẹ bá rí "cinéma", ẹ bi í: "Quel est votre film préféré ?" (fíìmù wo lẹ fẹ́ràn jù?)

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun púpọ̀. Tí onítọ̀hún bá wá ń yára sọ̀rọ̀ ńkọ́?

Ìyá Àánú: "Plus lentement, s'il vous plaît." Ẹ sọ ọ́ láìtijú, wọ́n á rọra sọ ọ́.