Kí ni kí n máa sè fún àwọn ọmọ lálẹ́ ọjọ́ iṣẹ́?

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ìbàdàn:
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Akọ́bọ̀ la ń gbé, Sẹkitéríàtì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kí n tó lọ kó àwọn ọmọ níbi tí wọ́n ti ń dúró dè mí, kí a tó délé, aago mẹ́fà àbọ̀ ti lù, ebi sì ti ń pa wọ́n. Ẹ̀gbọ́n wọn jẹ́ ọmọ ọdún 7, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ ọmọ ọdún 4, àbíkẹ́yìn jẹ́ ọmọ ọdún kan àbọ̀. Ìrẹsì lónìí, ẹ̀bà lọ́la, Indomie lọ́túnla, bá a ṣe ń yí i nìyẹn. Wọ́n ń yó, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀ sí i.

Ọlọ́dún mẹ́rin yẹn tún ní tirẹ̀. Bó bá ti rí ewé nínú ọbẹ̀, á fi ìka ṣà á jáde lẹ́yọ lẹ́yọ, á wá tò ó sétí àwo bí ẹni pàtẹ ọjà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n se ọbẹ̀ oṣù kan sínú fírísà o. Ẹ̀yin náà mọ bí iná wa ṣe rí. Owó ẹran ojoojúmọ́ náà ò sí.

Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta:
Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ní tèmi o, ẹ̀wà ni kẹ́ ẹ dì mú. Ẹ ra ẹ̀wà olóyin ní Bódìjà. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ rẹ ẹ́ sómi díẹ̀, ẹ bó o, ẹ ṣan èèpo rẹ̀ dànù, kẹ́ ẹ sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ dáadáa. Ẹ tọ́jú ìdajì bẹ́ẹ̀ fún gbẹ̀gìrì, kẹ́ ẹ lọ ìdajì yòókù kúnná fún mọ́ínmọ́ín àti àkàrà. Kò nílò fírísà rárá, ike onídèérí ti tó. Ẹ̀wà tá a ti bó kì í pẹ́ jinná, nítorí náà bẹ́ ẹ bá gbé e kaná bẹ́ ẹ ṣe ń wọlé, tẹ́ ẹ wẹ àwọn ọmọ, gbẹ̀gìrì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe tán. Ti mọ́ínmọ́ín, omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni kẹ́ ẹ fi po ìyẹ̀fun náà, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ díẹ̀ kó mu omi kẹ́ ẹ tó fi ata àti òróró sí i.

Ata náà ńkọ́? Ẹ se ata, tàtàṣé, tòmátì àti àlùbọ́sà títí omi rẹ̀ yóò fi fà tán, kẹ́ ẹ wá fi òróró dín in. Bí iná ń lọ tó ń bọ̀, kò ní tètè kan nínú fíríìjì bíi ata tútù. Ṣíbí gbígbẹ ni kẹ́ ẹ máa fi bù ú o.

Ìyá Àgbà:
Ẹ̀wà lálẹ́ kẹ̀? Ikùn ọmọ á máa kùn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àárọ̀ la máa ń fún tiwa ní ẹ̀wà. Ọmọ mi, fún wọn ní ẹ̀kọ gbígbóná àti ẹ̀fọ́, kí wọ́n lọ sùn.

Nọ́ọ̀sì, Iléṣà:
Mo kí yín o, Mà. Ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́ dára, pàápàá bí ẹja bá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà tá a rẹ, tá a da omi rẹ̀ nù, tá a sì sè jinná, kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ ikùn ọmọ lẹ́nu. Èyí tá a bó tilẹ̀ tún fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí mo sábà máa ń rí ni àwo ọmọ tí ẹ̀bà kún bí òkè, tí ọbẹ̀ inú rẹ̀ ò ju ṣíbí kan lọ. Ẹ dín òkèlè kù, kẹ́ ẹ bu ọbẹ̀ sí i. Àmàlà díẹ̀, ewédú, gbẹ̀gìrì àti ẹja, oúnjẹ tó pé nìyẹn, àwọn ìyá wa ti ṣètò ẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dára wà nínú ewé àti ẹ̀wà, àmọ́ ara kì í tètè gbà á bíi ti inú ẹran. Bí wọ́n bá fi ọsàn tàbí ìbẹ́pẹ tẹ̀ lé oúnjẹ náà, ara á gbà á dáadáa. Tíì ló máa ń dí i lọ́wọ́, ẹ má fún wọn mu mọ́ oúnjẹ alẹ́. Epo pupa ń ṣe ojú lóore, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá yọ́ ọ títí ó fi funfun, oore yẹn ti bá èéfín lọ.

Ti ọlọ́dún kan àbọ̀: ẹ yọ egungun ẹja tán pátápátá, ẹ má sì fún un ní odidi ẹ̀pà, ó lè há a lọ́fun. Ẹ bu tirẹ̀ sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó da magí àti iyọ̀ tó pọ̀ sínú ìkòkò.

Bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin, Òṣogbo:
Ẹ ti sọ̀rọ̀ títí, kò sẹ́ni tó béèrè ọkọ! Nílé tiwa, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ délé, èmi náà ni mo sì ń se oúnjẹ alẹ́. Fún ọmọ tó ń ṣa ewé, ẹ má bá a jà. Mo máa ń rẹ́ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ wẹ́wẹ́, bí iṣu àsáró bá ti rọ̀ ni mo máa ń dà á sí i, tí màá sì fi ọmọrogùn po gbogbo rẹ̀ pọ̀. Mo ti lọ ẹja gbígbẹ àti edé sínú ike kan, ṣíbí méjì ni mo máa ń bù sí i. Ewédú náà, ẹ fi ìjábẹ̀ já a kúnná. Ewé tí ìka ò rí mú, ẹ jẹ́ kó wá ṣà á ká wò ó.

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ìbàdàn:
Ẹ ṣé gan-an ni. Ọkọ mi ti ka ọ̀rọ̀ Bàbá Òṣogbo, ó ní ṣé ẹ fẹ́ ba ilé òun jẹ́ ni. Indomie wá ńkọ́? Ṣé kí n má rà á mọ́?

Ẹ̀gbọ́n yín ní Lọ́ńdọ̀nù:
Ẹ máa rà á jẹ́jẹ́. Ìdajì ata inú ọ̀rá rẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ fọ́ ẹyin sí i, kẹ́ ẹ rẹ́ kárọ́ọ̀tì àti ẹ̀fọ́ sí i. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ò pa ẹnikẹ́ni.

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ìbàdàn:
Ó ti yé mi. Ajé, àmàlà pẹ̀lú ewédú àti gbẹ̀gìrì. Ìṣẹ́gun, àsáró ẹlẹ́fọ̀ọ́. Ọjọ́rú, mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ. Ọjọ́bọ̀, ìrẹsì, ata díndín àti ẹja. Ẹtì, Indomie ẹlẹ́yin, bàbá wọn ló máa sè é. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata ni mo máa gbé ẹ̀wà gbígbẹ náà lọ?

Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta:
Rárá o, nǹkan tútù ni tiyẹn. Ibi tí wọ́n ti ń lọ èlùbọ́ ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Kẹ́ ẹ sì dúró ti onítọ̀hún kó gbọn ẹ̀rọ náà dáadáa kó tó da tiyín sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mọ́ínmọ́ín dúdú lẹ máa gbé fún wọn.