Ilé onífúláàtì méjìlá ní Bódìjà: báwo ni a ó ṣe díye lé e?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́ tí ẹ mọ̀ nípa káràkátà ilé, mo kí yín o. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni a jọ ni ilé onífúláàtì méjìlá kan ní Bódìjà, a sì ti pinnu láti tà á fún ẹni tí yóò máa gba owó ilé lórí rẹ̀.

Iye tí a ó pè é ni ó ń kọ mí lóminú. Ilẹ̀ nìkan ni àwọn ejẹ́ǹtì tí ó wá wò ó ń díye lé, bí ẹni pé wíwó ni ilé náà wà fún, bẹ́ẹ̀ ògiri rẹ̀ kò sán, kànga rẹ̀ kì í gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, fúláàtì kọ̀ọ̀kan sì ní mítà iná tirẹ̀. Lójú tèmi, owó tí ń wọlé lọ́dọọdún, lẹ́yìn tí a bá ti yọ owó àtúnṣe kúrò, ni ó yẹ kí a fi ṣírò rẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yin náà ṣe rí i?

Ìwé C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ìjọba lórí ẹ̀tọ́ wa sí ilẹ̀ náà, àti ìwé sọ́fè wà lọ́wọ́ wa. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ní kí a gba ìyọ̀ǹda gómìnà sí irú títà bẹ́ẹ̀. Ta ni ó sábà máa ń san owó rẹ̀ ní Ìbàdàn, ẹni tí ó tà ni tàbí ẹni tí ó rà?

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé a lè kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé kí ẹni tí ó bá rà á jẹ́ kí àwọn ayálégbé lo owó tí wọ́n ti san tán?