Gíráàfù mi tẹ̀, acceleration mi náà ò pé, kí ni mo ṣe tí ò dáa?

Akẹ́kọ̀ọ́tuntun:
Ẹ n lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Wọ́n ní ká ṣe práktíkà lórí ìrìn ojú ìlà gbọọrọ. Mo wá pákó mítà 2 kan, mo fi ìwé gbé orí ẹ̀ kan sókè títí tó fi ga ní sẹ̀ǹtímítà 10, mo to rúlà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí bọ́ọ̀lù má baà yà bàrá, mo wá ń jẹ́ kí bọ́ọ̀lù irin kékeré kan yí wálẹ̀. Mi ò tì í o, mo kàn ń tú ọwọ́ sílẹ̀ ni. Stopwatch orí fóònù ni mo fi ka àkókò, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n tó wá ìpíndọ́gba wọn:

0.5 m: sẹ́kọ́ǹdù 1.7
1.0 m: sẹ́kọ́ǹdù 2.4
1.5 m: sẹ́kọ́ǹdù 2.9
2.0 m: sẹ́kọ́ǹdù 3.4

Mo ya gíráàfù, ìjìnnà lọ sókè, àkókò wà nísàlẹ̀, ló bá tẹ̀. Ìrìn ojú ìlà gbọọrọ mà ni wọ́n pè é, ṣé kò yẹ kí gíráàfù ẹ̀ náà gún régé ni? Èyí tó tún dùn mí jù ni pé mo fi 3.4 pín 2, mo rí ìyára 0.59 m/s, mo tún fi 3.4 pín ìyẹn, acceleration, ìyẹn bí ìyára ṣe ń pọ̀ sí i ní sẹ́kọ́ǹdù kọ̀ọ̀kan, wá jẹ́ 0.17. Ìwé sì ní g sin θ ni (g ni acceleration ohun tó ń já bọ́, sin θ ni gíga orí pákó tá a fi gígùn ẹ̀ pín), ìyẹn 9.8 lọ́nà 0.05, tó jẹ́ 0.49. Tèmi ò tiẹ̀ tó ìdajì! Mo ti tún un ṣe títí ó ti sú mi.

Ayàwòrán:
Má tún nǹkan kan ṣe mọ́ jàre, nọ́ńbà ẹ dáa gan-an ni. Ìlà gbọọrọ tí wọ́n ń sọ yẹn, ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù ń gbà ni, kì í ṣe gíráàfù. Tí gíráàfù ìjìnnà àti àkókò ẹ bá gún régé, a jẹ́ pé ìyára bọ́ọ̀lù ẹ ò yí padà láti òkè dé ìsàlẹ̀ nìyẹn, èyí ò sì lè rí bẹ́ẹ̀ lórí pákó tó dagun, torí bó ṣe ń lọ ló ń yá sí i. Wo nọ́ńbà ẹ fúnra ẹ, ààbọ̀ mítà àkọ́kọ́ gbà á ní sẹ́kọ́ǹdù 1.7, èyí tó gbẹ̀yìn gbà á ní 0.5 péré.

Ohun tí wàá ṣe ni kó o sọ àkókò kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara ẹ̀, wàá rí 2.89, 5.76, 8.41, 11.56, kó o wá fi ìjìnnà ya gíráàfù sí ìyẹn. Èyí á gún. Slope ẹ̀, ìyẹn bí ìlà náà ṣe dagun tó, á wà ní nǹkan bíi 0.174, ìdajì acceleration sì nìyẹn torí s = ½at² (s ni ìjìnnà, a ni acceleration, t ni àkókò), ìlọ́po méjì ẹ̀ jẹ́ 0.35.

Ibi tó o ti ṣìnà nínú ìṣirò ni 0.59 yẹn. Ìpíndọ́gba ìyára ẹ̀ lójú ọ̀nà nìyẹn, kì í ṣe ìyára tó fi dé ìsàlẹ̀. Òfo ló ti bẹ̀rẹ̀ tó sì ń yá sí i bákan náà, nítorí náà ìlọ́po méjì ẹ̀ ló ń sá nígbà tó dé ìsàlẹ̀, 1.18 m/s. Fi 3.4 pín 1.18, wò ó bóyá kì í ṣe 0.35 lo máa rí.

Akẹ́kọ̀ọ́tuntun:
Háà! Mo ya á tán báyìí, ó gún lóòótọ́, inú mi dùn débi pé mo pariwo. Ṣùgbọ́n 0.35 náà kì í ṣe 0.49 o, níbo ni ìyókù lọ?

Ọmọ_Láàbù:
Friction ni, ìyẹn bí bọ́ọ̀lù àti pákó ṣe ń ha ara wọn. Nu pákó yẹn dáadáa kó o sì fi òróró díẹ̀ pa á.

ÌyáFísíìsì:
Rárá o, má fi òróró pa nǹkan kan, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo èyí torí ó máa ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. g sin θ wà fún ohun tó ń yọ̀ wálẹ̀ láì yí. Bọ́ọ̀lù tìẹ ń yí. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, agbára tó ń rí gbà ń pín sí méjì, apá kan ń gbé e lọ síwájú, apá kejì ń mú un pòòyì lórí ara ẹ̀. Fún bọ́ọ̀lù tí inú ẹ̀ kún, tó ń yí láì yọ̀, ìdá márùn-ún nínú méje g sin θ ló máa kù fún acceleration. Ṣe é wò: 0.49 lọ́nà 5/7, 0.35 gééré! Friction tí ẹ ń bá wí yìí gan-an ló ń jẹ́ kó yí, ká ní kò sí, ṣe ni bọ́ọ̀lù á kàn máa yọ̀ wálẹ̀.

Ó sì dùn mọ́ mi pé bọ́ọ̀lù ńlá ni o, kékeré ni o, 5/7 yẹn ò yí padà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èyí tí inú ẹ̀ ṣófo tí ara ẹ̀ sì fẹ́lẹ́ ni, 3/5 ló máa jẹ́, á wá falẹ̀ sí i. O tún ṣe dáadáa tó o fi rúlà sí ẹ̀gbẹ́ dípò kó o gbẹ́ ihò tóóró, torí nínú ihò tóóró, etí méjèèjì ni bọ́ọ̀lù máa gùn, 5/7 ò ní bá a mu mọ́.

Àbí ẹ mọ̀ pé Galileo, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ayé àtijọ́ yẹn, náà ṣe irú ẹ̀ ní Ítálì ní nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn? Kò sí stopwatch nígbà yẹn, omi ló ń jẹ́ kó ṣàn jáde láti inú ohun èlò kan, á wá wọn omi tó jáde lórí òṣùwọ̀n láti fi mọ àkókò. Ó jẹ́ kí pákó ẹ̀ dagun díẹ̀ péré kí bọ́ọ̀lù lè falẹ̀ tó láti wọ̀n.

Ayàwòrán:
Ẹ ṣeun mà, àlàyé yẹn wọlé. Ọ̀kan ṣoṣo tí mo fẹ́ fi kún un: ọwọ́ èèyàn máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó tẹ stopwatch. Tó o bá ṣì í pẹ̀lú 0.1 lórí 1.7, bíi 6% nìyẹn, tó o bá wá sọ ọ́ di ìlọ́po ara ẹ̀ ó di 12%. Lórí 3.4, bíi 6% péré ló máa dà lẹ́yìn tó o bá ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà gbẹ́kẹ̀ lé ìjìnnà tó gùn ju èyí tó kúrú lọ, tàbí kó o fi fóònù ya fídíò ẹ̀ kó o sì máa ka àwòrán kọ̀ọ̀kan.

Akẹ́kọ̀ọ́tuntun:
Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣé mà. 0.35 ni màá kọ síbẹ̀, màá sì ṣàlàyé ìdí. Mo ti dín ìwé abẹ́ pákó kù sí sẹ̀ǹtímítà 5 báyìí, mo ṣírò pé á gba bíi sẹ́kọ́ǹdù 4.8 kó tó dé ìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó.