Àrokò kọ́ ni: kí la ó pe ohun tí ara ń wí nínú ìtọ́jú ọkàn?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé orúkọ wo la ó fún ohun tó máa ń kọjá láàárín olùtọ́jú ọkàn, ìyẹn ẹni tó ń fi ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tọ́jú ìdààmú ọkàn, àti ẹni tó wá gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ rẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò fẹnu sọ. Àbá mẹ́ta ló ti jáde: àrokò, ìbánisọ̀rọ̀ aláìlóhùn, àti ìfojúsọ̀rọ̀. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àrokò ló dùn létí jù, àwọn àgbà ló sì fi í sílẹ̀ fún wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kọ́kọ́ bá a jà.

Àrokò ní ẹni tó di í, ó ní ìránṣẹ́, ó sì ní ẹni tí wọ́n di í fún. Bí ọmọkùnrin bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin, ó mọ ohun tó ń ṣe: ẹ̀fà ni, ọkàn òun ń fà sí i. Bí ọmọbìnrin bá dá mẹ́jọ padà, òun náà mọ̀: ẹ̀jọ ni, ọ̀rọ̀ àwọn jọ. Ẹyọ méjì tó kọjú síra, ìrẹ́pọ̀. Méjì tó kẹ̀yìn síra, ìjà ti dé. Tọ̀tún tòsì ló ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀ kí owó tó kúrò nílé. Ẹni tó wá di àrokò tí kò mọ̀ pé òun di nǹkan kan, kí la fẹ́ pe tirẹ̀?

Ẹ wo ọmọbìnrin ọlọ́dún 18 kan tí ìwé àwọn oníṣègùn mọ̀ sí Dora. Sigmund Freud, dókítà tó dá irú ìtọ́jú ọkàn yìí sílẹ̀, ló tọ́jú rẹ̀ ní Vienna lọ́dún 1900, ó sì tẹ ìtàn rẹ̀ jáde lọ́dún 1905. Lọ́jọ́ kan, Dora so àpò kékeré kan mọ́ ìbàdí. Bó ṣe dùbúlẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣí àpò náà, tó ń ti ìka bọ̀ ọ́, tó ń pa á dé, tó tún ń ṣí i. Freud wò ó títí, ó wá pe àkíyèsí rẹ̀ sí i. Ọmọbìnrin náà ní kí ló dé tí òun ò fi ní gbé irú àpò bẹ́ẹ̀, ṣebí òun ló lòde. Freud kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ọmọ ènìyàn tó lè pa àṣírí mọ́: bí ètè bá dákẹ́, ìka á máa wí. (Ìtumọ̀ tí baba náà fún àpò ọ̀hún, èmi ò bá a dá sí i. Ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ ló máa ń rí nínú ohun gbogbo. Ṣùgbọ́n pé ọwọ́ ń wí tẹnu ń wí, tí ọ̀nà wọn ò sì jọ, ìyẹn ò gba àríyànjiyàn.)

Nítorí náà, Dora kò di àrokò fún ẹnikẹ́ni. Bí a bá pè é ní àrokò, a ti sọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni, bẹ́ẹ̀ àìmọ̀ yẹn gan-an ni olùtọ́jú ń wá kiri.

Ìfojúsọ̀rọ̀ sún mọ́ ilé jù ú lọ. Ojú lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́. Ìyá ṣẹ́jú sọ́mọ níwájú àlejò, ọmọ tó mọ ojú á ti dá ẹran padà sínú abọ́ kí àlejò tó gbójú sókè. A ń yínmú, a ń pòṣé, a ń lejú, a ń fọwọ́ lẹ́rán, a ń mí kanlẹ̀; èdè wa ò tòṣì níbẹ̀ yẹn. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé Freud kì í jẹ́ kí aláìsàn rí ojú òun rárá. Ẹ̀yìn àga gbọọrọ tí aláìsàn dùbúlẹ̀ sí ló máa ń jókòó sí. Nínú ohun tó kọ lọ́dún 1913, ó ní òun ò lè fara da kí èèyàn máa tẹjú mọ́ òun fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́. Lónìí ẹ̀wẹ̀, àwọn kan wà tó jẹ́ pé orí fóònù ni wọ́n ti ń gba ìtọ́jú. Kò sójú níbẹ̀, nǹkan ṣì ń kọjá: bí èèyàn ṣe dákẹ́ díẹ̀ kó tó dárúkọ bàbá rẹ̀, bí ohùn ṣe wálẹ̀, bí èémí ṣe já lójijì.

Ojú tún máa ń tanni. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n kọ́ nílé kì í wo àgbà lójú kòrókòró. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá jókòó síwájú olùtọ́jú òyìnbó ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ń wolẹ̀ ṣáá, kò ṣòro kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ló bá a, tàbí pé ó ń fi nǹkan pa mọ́, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀wọ̀ ló ń bù fún olùtọ́jú.

Mi ò ní pẹ́ lórí ìbánisọ̀rọ̀ aláìlóhùn. Ohun tí nǹkan kò jẹ́ ló ń sọ fún wa, ohùn sì pọ̀ níbẹ̀ jàǹtìrẹpẹtẹ: òṣé, ìmí ẹ̀dùn, ẹ̀rín ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kọjá ẹkún.

Àbá tèmi ni ìfaragbọ́. Ẹ jẹ́ ká fi ẹni tó ń wí sílẹ̀, torí kò mọ̀ pé òun ń wí. Ká sọ nǹkan náà lórúkọ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbọ́. "Gbọ́" kò fìgbà kan jẹ́ ti etí nìkan lédè wa. A ń gbọ́ òórùn. A ń gbọ́ Faransé. A ń gbọ́ bùkátà ilé. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó ti ń gbọ́ òórùn láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, kí ló máa ṣe é tí kò fi ní lè gbọ́ ọwọ́ tó ń ṣí àpò?

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà fúnra wọn ti rìn dé itòsí ibẹ̀. Lọ́dún 1912, Freud ní kí olùtọ́jú fi inú lọ́hùn-ún tirẹ̀, apá ọkàn tí èèyàn fúnra rẹ̀ kò mọ̀, gba ohun tó ń ti inú lọ́hùn-ún aláìsàn bọ̀, bí ẹ̀rọ tẹlifóònù ṣe ń gba ohùn. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ru sókè nínú olùtọ́jú ń kọ ọ́ lóminú. Ìdènà ló kà á sí, ohun tó yẹ kéèyàn rí kó sì borí. Paula Heimann, olùtọ́jú ọkàn tó sá kúrò ní Berlin wá sí Lọ́ńdọ̀nù, ló yí i padà lọ́dún 1950. Nínú àpilẹ̀kọ kúkurú kan, ó ní ohun tí olùtọ́jú ń mọ̀ lára nígbà tó bá jókòó ti aláìsàn wà lára irinṣẹ́ tó fi ń mọ ohun tó ń ṣe é. Ká ní obìnrin kan ń ròyìn bí wọ́n ṣe sin ìyá rẹ̀. Ó ka iye kúlà oúnjẹ tí wọ́n gbé wá, ó sọ àwọ̀ aṣọ ẹbí, ó dárúkọ olórin, omijé kò bọ́ lójú rẹ̀. Olùtọ́jú wá rí i pé ọ̀fun òun ló ń há. Ìfaragbọ́ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ ìyá olùtọ́jú fúnra rẹ̀ ló kú lọ́dún tó kọjá. Ibí yìí gan-an ni "gbọ́" ti wúlò fún wa jù: ibi tó bá lọ, àṣìgbọ́ ń tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tó máa gbọ́ ìfaragbọ́ tí kò ní mọ̀ pé ara náà lè gbọ́ òdì.

Ẹnì kan lè ní ọ̀rọ̀ yìí ti gbé gbogbo ẹ̀ lé olùtọ́jú lórí. Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Thomas Adeoye Lambo, dókítà àrùn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ní Aro, l'Abẹ́òkúta, lọ́dún 1954, àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká ni ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí, pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí tó ń bá wọn gbé, tó ń se oúnjẹ fún wọn. Ìyá tó mọ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń gbẹ́sẹ̀ kí àìsàn tó dé, ara tirẹ̀ náà ń gbọ́, bóyá ó tilẹ̀ ń gbọ́ ju ti dókítà lọ. Ọ̀rọ̀ tí a bá dá gbọ́dọ̀ gba irú ìyá bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé wọ́n á ní ó jọ "fara gbọgbẹ́" jù. Kó jọ ọ́. Ẹni tó bá ń faragbọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, á fara gbọgbẹ́ náà.

Ní ti ohun kejì tí wọ́n tún ní ká fún lórúkọ, ìyẹn bí aláìsàn ṣe máa ń bá olùtọ́jú lò bí ẹni pé bàbá òun ni, tó ń bẹ̀rù rẹ̀, tó ń bínú sí i lórí ohun tí kò ṣe, a ò nílò orúkọ tuntun kankan. "Ó ń fi ojú bàbá rẹ̀ wò ó" ti tó. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ dorúkọ dandan, kó kọ ọ́ ní ìfojúbàbáwò, kó sì múra sílẹ̀ de ẹni tó máa béèrè pé ti ìyá ńkọ́.